Irin tí Bàbá Wa Fi Wáyà Dè Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga tó fèrèsé ọkọ̀, bàbá mi ra ọkọ̀ kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan ni mò ń sọ. Rárá o. Ọkọ̀ kékeré kan báyìí ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì là sílẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, iwájú la ń kẹ́rù sí. Ohun tó tiẹ̀ yà wá lẹ́nu jù ni pé kì í mu omi. Kò ní rédíétọ̀ rárá. Fáànù kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnì náà lára kó má baà gbóná jù, ìyẹn sì ti tó o.

Ṣakí la wà nígbà náà, bàbá mi sì ni ọ̀gá wolé-wolé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ wolé-wolé, àwọn ni ìjọba ń rán kiri ilé onílé láti wò ó bóyá wọ́n gbálẹ̀, bóyá wọ́n kó pàǹtí dànù, bóyá tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àmù omi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí bàbá mi láàárọ̀. Kí Ìjàpá sì tó yọ ní kọ̀rọ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ: tàkà-tàkà-tàkà-tàkà. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń dún bẹ́ẹ̀. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á máa ké síra wọn pé, “Ẹ bo omi o, ẹ bo omi.” Nígbà tí bàbá mi bá fi máa bọ́ sílẹ̀, gbogbo ilé ti mọ́ tónítóní, ìgbálẹ̀ sì ti fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi a máa sọ fún àwọn ọ̀gá wọn ní Ìbàdàn pé Ṣakí ló mọ́ jù ní gbogbo agbègbè wa. Ìjàpá ló ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ yẹn, àwọn gan-an ò mọ̀.

Ìyọnu kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà ní, òun ni ooru. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì í, méjì tó kù wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ooru ẹ́ńjìnì a máa gba inú àwọn ihò yìí tú jáde. Ẹ wá fojú inú wò ó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn Ṣakí, tí oòrùn ń ta wá lórí látòkè, tí ẹ́ńjìnì sì ń yan wá lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀. Mẹkáníìkì bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ṣe ṣe é. Bàbá mi ní Òyìnbó tó ṣe é ló ṣàṣìṣe, àwọn á bá a tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe náà, wọ́n lọ sídìí okùn tí a ń sá aṣọ sí, wọ́n já ìró ìyá mi kan sílẹ̀, wọ́n ya á sí mẹ́rin, wọ́n sì kì í bọ inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Irin kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì ọwọ́, orí rẹ̀ pupa, béèyàn bá sì ti fà á sókè, ṣe ni ooru á tún máa pọ̀ sí i. Bàbá mi tẹ irin náà mọ́lẹ̀, wọ́n fi wáyà dè é yípo. Wọ́n wá pe èmi àti àbúrò mi obìnrin, wọ́n nàka sí i. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin yìí, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.” Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ méjì. Títí tí wọ́n fi ta ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa.

Ní ti ìró tó ya, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi ń gbé oúnjẹ ka iwájú bàbá mi láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá mi ra ìró tuntun wálé. Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Tí ọyẹ́ bá dé, Ṣakí a máa tutù láàárọ̀ kùtù débi tí eyín èmi àti àbúrò mi á máa gbá ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá mi gan-an á máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ọwọ́ wọn kí wọ́n tó di sítíárì mú. Ìyá mi nìkan ló máa ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú, wọ́n á tẹ́ ìró wọn bo orúnkún títí dé ilẹ̀ ọkọ̀, ara wọn á balẹ̀. Bàbá mi á wò wọ́n títí, wọ́n á ní, “Ṣé òtútù ò mú ìwọ ni?” Ìyá mi á ní, “Ó ti mọ́ mi lára.” Mo máa ń rò ó nínú ara mi nígbà náà pé kò sí obìnrin tó lágbára tó ìyá mi láyé.

Ayé yí, mo bá ara mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì nínú ìlú yìí, láti Peckham lọ, láti Peckham bọ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí mọ ọkọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn gan-an, mímọ̀ náà ló fà á.

Bàbá mi ti lọ bá Ọlọ́run wọn. Ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá tó kọjú sí òpópónà, wọ́n sì ti dàgbà gan-an. Ara wọn le, ojú wọn ríran, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń dínkù lẹ́nu wọn. Wọ́n á kírun, wọ́n á kí èèyàn, wọ́n á ṣàdúrà fún un, ó parí. Wọ́n á kọjú sí fèrèsé, wọ́n á máa wo òjò. Ó máa ń dùn mí, nítorí ìyá mi tí mo mọ̀ ní Ṣakí, bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé, ará iwájú ilé á gbọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo rí Ìjàpá kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Stockwell. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ bàbá mi gẹ́lẹ́, àwọ̀ ewé tútù. Mo dúró níwájú rẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Bàbá Òyìnbó arúgbó kan ló ni ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó ń fi ohun gbogbo hàn mí wẹ́wẹ́. Ìgbà tó nawọ́ sí irin olórí pupa ẹ̀gbẹ́ búréèkì, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo dá a lẹ́nu. Mo ní, “Bàbá, inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ká ní mo pa ẹnu mi dé lọ́jọ́ yẹn ni, n kì bá tí rí ìtàn sọ fún yín.

Mo wà á délé. Bí mo ṣe ń yà wọ òpópónà wa, tàkà-tàkà-tàkà, mo rí i tí aṣọ fèrèsé ìyá mi ṣí. Nígbà tí mo fi máa pa ẹ́ńjìnì, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wá pariwo sí àwọn ará ilé iwájú wa, àwọn Òyìnbó tí ò gbọ́ Yorùbá kankan, wọ́n ní, “Ẹ bo omi o, ẹ bo omi!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ṣakí yẹn ni, mi ò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ìlú yìí. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo tún ọkọ̀ ṣe. Ooru mú nígbà náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń tú wá láti ẹsẹ̀. Mo mú aṣọ àtijọ́ kan láti inú àpò ògbólógbòó aṣọ, mo ya á sí mẹ́rin, mo kì í bọ inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tẹ irin pupa mọ́lẹ̀, mo fi wáyà dè é. Ẹ má bi mí pé ta ló ní kí n ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí Ìjàpá nìyẹn, bí èèyàn ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá mi ń wò mí láti fèrèsé wọn, mo juwọ́ sí wọn, wọ́n juwọ́ padà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń gbé wọn lọ síbi àsàlátù ní New Cross. Nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu ìyá mi. Tí a bá ti gbéra, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: ilé lágbájá tí kì í gbálẹ̀, ìyàwó tàmẹ̀dù tó kó abọ́ ìdọ̀tí pamọ́ sábẹ́ ibùsùn nítorí bàbá mi. Tí a bá délé, wọ́n á tún dákẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Forest Hill ní ọkọ̀ tuntun tó ń lo iná mànàmáná, ó fẹ́ máa gbé wọn nígbà mìíràn. Ìyá mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò dún, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ń lọ. Àtìgbà yẹn, tí kì í bá ṣe Ìjàpá, wọn ò jáde.

Òtútù bá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbádùn ni. Àwọn aládùúgbò mi ń da oògùn sínú rédíétọ̀ wọn kí omi inú rẹ̀ má baà dì, èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, mo ń mu tíì, mo ń kí wọn kú iṣẹ́. Ọkọ̀ tí kò lómi nínú, kí lòtútù fẹ́ dì níbẹ̀? Lọ́jọ́ tí yìnyín bọ́ tó bo gbogbo ilẹ̀, mo gbọ̀nà òkè Forest Hill lọ sílé àbúrò mi. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí òkè yẹn, táyà wọn ń yí lójú kan. Ẹ́ńjìnì Ìjàpá tó wà lẹ́yìn tẹ táyà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó rọra ń gun òkè lọ ní tirẹ̀. Mo ṣẹ́wọ́ sí awakọ̀ kan tó ti bọ́ sílẹ̀, tó ń ti ọkọ̀ rẹ̀. Kò dá mi lóhùn, mi ò sì bínú sí i.

Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tutù. Ẹ gbọ́ mi yé, ó tutù ju ìta lọ. Èémí ẹnu wa á lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, á sì dì sínú, kì í ṣe síta. Mo wá ń fi káàdì tí wọ́n fún àwa àgbà láti máa wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ha yìnyín náà kúrò, ọwọ́ kan lórí sítíárì, ọwọ́ kejì ń ha. Àbúrò mi rí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Bọ̀dá mi, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fún yín ní káàdì yẹn láti wọ̀.” Ọmọ-ọmọ mi tó bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan sì ní, “Grandpa, inú ọkọ̀ yín cold ju ìta lọ, innit.” Ó fa fóònù yọ, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá hítà tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná wà níbẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ sápò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé omi gbígbóná inú rédíétọ̀ ló ń mú hítà gbóná. Ọkọ̀ tí kò ní omi, níbo ni hítà rẹ̀ ti máa wá? Bí mo ṣe ro ó nìyẹn, ó sì dá mi lójú.

Ìyá mi ò ráhùn. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé wọn, mo gbé rọ́bà olómi gbígbóná lé wọn lẹ́sẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún wọn, wọ́n ń sọ ìtàn Ṣakí wọn lọ. Àbúrò mi ló ráhùn. Nọ́ọ̀sì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré. Ní Àìkú kan, ó pàdé wa ní ẹnu ọ̀nà àsàlátù, ó di ọwọ́ ìyá mi mú, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ọwọ́ Màámi ti dà bí omi dídì. Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù wọ̀ wọ́n láyà ni?” Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á bá wa wọ ọkọ̀ náà láti ilé. Tí ọwọ́ Màámi bá fi tutù bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá dé New Cross, ó parí nìyẹn. Màámi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, kí n yáa tà á.

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn lójú mi. Mo fi tépù dí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rẹ̀, mo ra búláńkẹ́ẹ̀tì kẹta. Èèyàn lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì wo? Ta ló fẹ́ wá kọ́ mi ní Ìjàpá? Lóru, mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú fèrèsé yẹn. Tí mo bá ta ọkọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìyá mi máa padà sí, ẹnu wọn á sì tún padé. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìrì ti dì sórí gbogbo ọkọ̀ tó wà ní òpópónà, funfun báláú. Àbúrò mi dé pẹ̀lú kóòtù tó wọ́lẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ onírun, ó jókòó sẹ́yìn bí adájọ́. Mo gbé ìyá mi síwájú, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wé wọn, ojú nìkan ló yọ síta. Mo ta ẹ́ńjìnì jí, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, tàkà-tàkà-tàkà. A gbéra. Mò ń ha gíláàsì, mò ń wakọ̀, mò ń sọ ọ̀rọ̀ àpárá kí ara lè tu wọ́n. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi dé Queens Road, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìka mi lára mọ́. Àbúrò mi na ọwọ́ síwájú, ó wá ọwọ́ ìyá mi rí nínú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó dì í mú, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Lónìí ló parí.”

Iná pupa dá wa dúró nítòsí oríta New Cross. Ẹ́ńjìnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni búláńkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ìyá mi ń gbọ̀n. Wọn ò gbọ̀n, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n wá nǹkan kan títí ọwọ́ wọn fi bà á, wọ́n fà á, ó sì yọ. Aṣọ tí mo kì bọ inú ihò ni. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí orúnkún wọn, wọ́n fi ìka nà án, wọ́n wo ọnà ara rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní, “Ìró mi nìyí.”

Mo wò ó. Ọlọ́run ló mọ̀, aṣọ yẹn ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo mú un nínú àpò, mi ò mọ̀ pé tiwọn ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Bàbá àti ọmọ, ìkan náà ni yín.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka sí irin olórí pupa. Wọ́n ní, “Tú wáyà yẹn.”

Mo ní, “Màámi, Bàbá ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”

Mo sọ ọ́ báyìí, tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí mo ti bí ọmọ, tí ọmọ mi ti bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí ara mi ò bá yá ní kékeré. Wọ́n ní, “Bàbá yín ò sí nínú ọkọ̀ yìí. Fà á sókè.”

Àbúrò mi tẹ̀ síwájú, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tú wáyà náà. Mo gbé ọwọ́ lé irin. Mo fà á sókè. Iná di àwọ̀ ewé, a ṣí lọ, fún bí ìṣẹ́jú kan kò sí nǹkan kan. Òórùn ẹ́ńjìnì ló kọ́kọ́ dé, òórùn tí mi ò gbọ́ láti Ṣakí, ti epo àti eruku gbígbóná. Ooru tẹ̀lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ooru tú jáde. Ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí gbogbo New Cross kedere láìfi káàdì bọ́ọ̀sì ha nǹkan kan. Àbúrò mi yọ aṣọ tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó ní, “Ó dé ibí o, ó dé ibí!” Kóòtù rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Àwa tí a ń gbọ̀n láti oṣù Kọkànlá, orí hítà la jókòó lé.

Ìyá mi ń tú búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí wọ́n tú u tán, wọ́n gbá ìró tí wọ́n ró mú, wọ́n tẹ́ ẹ bo orúnkún wọn títí dé ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fi etí rẹ̀ bo ihò ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé èmi ni mò ń wakọ̀. Mo mọ ìjókòó yẹn. Mo mọ ìró tó wọ́lẹ̀ yẹn.

Mo ní, “Màámi, nígbà ọyẹ́. Ṣé ẹ máa ń yọ aṣọ náà ni?”

Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ mi ò tutù rí nínú ọkọ̀ bàbá yín.”

Irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ yẹn ò fi gbogbo ara dí ooru, èyí tó ń jò ti tó ẹsẹ̀ obìnrin kan. Àbúrò mi ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún Bàbá, ṣebí òtútù ń mú gbogbo wa. Ìyá mi ronú díẹ̀. Wọ́n ní, “Inú wọn dùn pé àwọn tún ohun tí Òyìnbó bà jẹ́ ṣe. Ṣé kí n wá ba inú dídùn yẹn jẹ́?” Mo wá rántí fèrèsé, ọjọ́ tí mo ń kì aṣọ bọ inú ihò, tí mo juwọ́ sí wọn, tí wọ́n juwọ́ padà. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn rí mi. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ láti oṣù Kọkànlá, Màámi? Wọ́n ní, “Inú tìrẹ náà ń dùn. Ìgbà tí àbúrò rẹ ní ó parí lónìí ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá inú dídùn.”

A dé ẹnu ọ̀nà àsàlátù. Àbúrò mi di ọwọ́ ìyá mi mú, ó sì dì í mú pẹ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gbá mi léjìká, ó sì bá ìyá wa wọlé. Mo dúró ti ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń nu ojú, mo ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé òtútù ló ń fa omi lójú mi.

Nǹkan ti yí padà gan-an, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn ọkọ̀ tí ẹ ń wà báyìí, láti inú ilé lẹ ti ń fi fóònù mú kí àga rẹ̀ gbóná kí ẹ tó jáde. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, ọkọ̀ náà á fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín. Inú mi dùn sí i, kí ẹ má rò pé mò ń jowú. Láyé tiwa, ohun tí bàbá bá fi wáyà dè, á wà ní dídè títí di ọgọ́ta ọdún, nínú ọkọ̀ mìíràn, ní ìlú mìíràn, lẹ́yìn tí bàbá gan-an ti lọ. Ìyá wa ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tú u, a ò bi wọ́n rí.

Ooru ti tún dé báyìí. Mo fa irin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò dè é, mi ò sì dí ihò kankan. Ní gbogbo Àìkú, ooru díẹ̀ ṣì máa ń jò wọlé láti ìsàlẹ̀. Èmi ń làágùn, àbúrò mi tí kì í fẹ́ pa ọjọ́ kan jẹ mọ́ ń làágùn lẹ́yìn. Ìyá mi á tẹ́ ìró wọn bo orúnkún títí dé ilẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣakí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wò wọ́n, mo ní, “Màámi, ṣé ooru yìí ò mú yín ni?”

Wọ́n ní, “Ó ti mọ́ mi lára.”